Ta Ló Ba Gẹ̀ẹ́sì Jẹ́?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń kọ sọ́fítíwíà fẹ́ gba òṣìṣẹ́ tuntun, wọ́n ní kí n bá wọn yẹ àwọn lẹ́tà ìwáṣẹ́ tó wọlé wò. Nínú ọ̀kan lára wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ "seperate" níbi tó yẹ kó kọ "separate", ó sì kọ "recieve" dípò "receive". N ò ka lẹ́tà yẹn dé ìsàlẹ̀. Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo yíjú sí ẹnì kejì mi, mo ní, "Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti bàjẹ́ pátápátá." Òun náà mi orí, ó ní, "Ṣé wọ́n tiẹ̀ ń kàwé mọ́ ni?" Bí a ṣe pa ọmọ ọlọ́mọ tì nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni mo ń tú kóòdù ojúlé kan tó ń ṣe ségesège. Nígbà tí ẹ bá tẹ líǹkì láti ojú-ewé kan bọ́ sí òmíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ yín lè sọ fún ojúlé tuntun náà ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ìsọfúnni yẹn ni "Referer". Ẹ tún un wò dáadáa. Lẹ́tà "r" kan ló sọnù níbẹ̀. "Referrer" ló wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Àṣìkọ ni. Ọwọ́ Phillip Hallam-Baker ló ti wá ní àwọn ọdún 1990, ó bá ìwé ìlànà HTTP tó jáde ní 1996 wọlé, nígbà tí wọ́n sì máa fi fura, ó ti wà lórí ẹ̀rọ tó pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè tún ṣe lọ. Títí di òní olónìí, gbogbo ayé ló ń ṣì í kọ. Kódà, ẹni tó bá kọ ọ́ bó ṣe tọ́ nínú kóòdù, iṣẹ́ rẹ̀ ò ní í lọ.

Òun nìkan kọ́. Nínú Unix, àṣẹ tí wọ́n fi ń dá fáìlì tuntun ń jẹ́ "creat", kò ní "e" nídìí. Nígbà tí wọ́n bi Ken Thompson, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Unix sílẹ̀, pé kí ló máa yí padà tó bá tún un ṣe, ohun tó fi dáhùn ni pé òun máa fi "e" sídìí "creat".

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ lẹ́nu mi. Àwọn tó kọ́ ilé tí èmi ń jẹun nínú rẹ̀ ṣi lẹ́tà kọ, kò sẹ́ni tó ti ìwé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ ṣe ohun kan náà, mo ní kò kàwé. Ìyẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí: ṣé lóòótọ́ ni àkọtọ́ àti gírámà Gẹ̀ẹ́sì ń bàjẹ́, àbí etí wa ló kàn fẹ́ràn ariwo yẹn?

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé ariwo náà ti gbó. Ní 1710, Jonathan Swift, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Ireland, kọ̀wé sínú The Tatler, inú ń bí i pé àwọn èèyàn ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó rí i lára ni "mob", tí wọ́n gé láti ara ọ̀rọ̀ Látìn kan, "mobile vulgus". Ní 1712, ó kọ lẹ́tà sí Robert Harley, ìjòyè tó ń mójú tó àpò ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé kí wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò de èdè náà mọ́lẹ̀ kó má baà bàjẹ́ mọ́. Wọn ò dá a sílẹ̀. Lónìí, ìwé ìròyìn tó níyì jù ní London ń kọ "mob" láìbẹ̀rù.

Ní 1874, Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdánwò kíkọ Gẹ̀ẹ́sì gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, ni àwọn olùkọ́ ibẹ̀ bá ké gbàjarè pé àwọn ọmọ náà ò mọ̀ ọ́n kọ. Ní oṣù Kejìlá 1975, Newsweek gbé e sójú ìwé àkọ́kọ́ pé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ò lè kọ̀wé mọ́. Ìran kọ̀ọ̀kan gbà pé ìran tó ṣáájú ló mọ̀wé. Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń bàjẹ́ láti ayé Swift, ẹ ò rí i pé ó yẹ kó ti jẹrà tán?

Ẹ jẹ́ ká tún rìn sẹ́yìn díẹ̀ sí i, nítorí pé kí nǹkan tó lè bàjẹ́, ó gbọ́dọ̀ ti dára rí. Ìgbà wo gan-an ni àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì gún régé? William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé Westminster ní 1476. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé kan tó tẹ̀ ní 1490, ó ròyìn oníṣòwò kan tó wọ ilé obìnrin kan láti ra ẹyin. Ó bèèrè "egges". Obìnrin náà ní òun ò gbọ́ Faransé. Inú bí ọkùnrin náà, nítorí òun gan-an ò gbọ́ Faransé. Ìgbà tí ẹlòmíì sọ pé "eyren" ló ń wá lobìnrin náà tó mọ ohun tó ń sọ. Ọmọ ilẹ̀ kan náà ni wọ́n, ẹyin kan náà ni, síbẹ̀ wọn ò gbọ́ra wọn yé. Caxton béèrè pé èwo ni kí òun kọ báyìí? Ìbéèrè yẹn lágbára o.

William Shakespeare náà ńkọ́? Ìbuwọ́lùwé rẹ̀ tí gbogbo èèyàn gbà pé òun ló kọ ọ́ kò ju mẹ́fà lọ, bó sì ṣe kọ orúkọ ara rẹ̀ nínú wọn kò bára mu.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni "debt". "Dette" ni wọ́n máa ń kọ nígbà kan, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń pè é. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló wá ní ó yẹ kó fi hàn pé ọmọ bíbí "debitum" ti Látìn ni, ni wọ́n bá ki "b" sí i láàárín. Ẹnikẹ́ni ò pè é rí. "Island" tiẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ: ọ̀rọ̀ náà ò ní "s" rárá. Àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé mọ̀lẹ́bí "insula" ni, bẹ́ẹ̀ wọn ò tan. Nítorí náà, nígbà tí tíṣà bá fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ "iland" ọmọ ilé-ìwé, àṣìṣe àwọn àgbà ló ń gbèjà.

Samuel Johnson gbé ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní 1755, ọ̀rọ̀ tó lé ní 40,000, pẹ̀lú àwọn akọ̀wé mẹ́fà tó ń bá a dà á kọ. Ó fẹ́ de èdè náà mọ́lẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó parí, ó jẹ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé kò sẹ́ni tó lè dá èdè dúró. Noah Webster ní Amẹ́ríkà kọ tirẹ̀ jáde ní 1828. Ó yọ "u" kúrò nínú "colour", àwọn èèyàn ẹ̀ gbà. Ó ní kí wọ́n máa kọ "wimmen" àti "tung", wọ́n kọ̀. Bó ṣe di pé ohun tó jẹ́ àṣìkọ ní London jẹ́ àkọtọ́ ní New York nìyẹn. Àdéhùn ni àkọtọ́. Kì í ṣe òfin tó já bọ́ láti ọ̀run.

Àwa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ayé Ajayi Crowther, sí ìpàdé tí wọ́n ṣe l'Ékòó ní 1875, títí dé àkọtọ́ tó di ti ìjọba ní 1974, àdéhùn la ń bá ara wa ṣe. "Aiye" àti "enia" ló wà nínú Bíbélì ìyá ìyá mi. Bí Màmá bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò lónìí, wọ́n á já máàkì wọn. Àmọ́ Màmá ò ṣi nǹkan kan kọ. Àdéhùn ló yí padà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi ìtàn sílẹ̀ ká ka iye, nítorí iye ni iṣẹ́ tèmi. Ní 2008, Andrea Lunsford àti Karen Lunsford gbé ìwádìí jáde lórí iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì Amẹ́ríkà kọ, wọ́n sì fi wé àwọn ìwádìí àtijọ́. Ní 1917, àṣìṣe 2.11 ló wà nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀. Ní 1930, 2.24. Ní 1986, 2.26. Ní 2006, 2.45. Ọgọ́rin ọdún ó lé, nǹkan ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Bẹ́ẹ̀, gígùn iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ ti kúrò ní ìwọ̀n ọ̀rọ̀ 162, ó ti di 1,038. Wọ́n ń kọ ìlọ́po mẹ́fà, àṣìṣe wọn nínú ọgọ́rùn-ún kò sì pọ̀ ju ti ayé ogun Kaiser lọ títí.

Ohun tó yí padà ni irú àṣìṣe. Ní 1986, àṣìkọ ló ṣíwájú gbogbo àṣìṣe yòókù. Ní 2006, ó ti bọ́ sẹ́yìn. Lílo ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ síbẹ̀ ló gba ipò kìíní. Iṣẹ́ àwa oníkọ̀ǹpútà ló wà ńdìí ìyẹn. Láti 1971 tí Ralph Gorin ti kọ ètò ayẹ-àkọtọ́ ní Stanford, ohun tí irú ètò bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ máa ń ṣe kò ju pé kó wo ọ̀rọ̀ yín bóyá ó wà nínú àkójọ tirẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kọ "from" tí ẹ kọ "form", ó wà nínú àkójọ, ó yá, ẹ máa lọ.

Kí ló wá dé tó fi ń ṣe wá bíi pé nǹkan ń bàjẹ́? Èrò tèmi ni pé òrùlé ni wọ́n ká kúrò lórí ilé. Láyé àtijọ́, kí ọ̀rọ̀ tó dé ojú gbogbo ayé, olóòtú á ti yẹ̀ ẹ́ wò, òǹtẹ̀wé náà á ti tún un ṣe. Lẹ́tà tí ọmọ ilé-ìwé kọ sí bàbá rẹ̀, abẹ́ ìrọ̀rí ló ń gbé. Lónìí, ọ̀rọ̀ abẹ́ ìrọ̀rí yẹn ló wà lórí fóònù gbogbo wa. A wá ń fi ìsọkúsọ ojoojúmọ́ tiwa wé ìwé tí àwọn ìran àná fara balẹ̀ tẹ̀. Ìgékúrú gan-an kì í ṣe tuntun: ní 1917, Lord Fisher, ọ̀gá ológun ojú omi tó ti dàgbà dáadáa, kọ "O.M.G." nínú lẹ́tà sí Winston Churchill. Fóònù alágbèéká ò tíì sí nígbà yẹn.

Ṣé mo wá ń sọ pé ká máa kọ ọ́ bó bá ṣe wù wá ni? Rárá o. Nínú iṣẹ́ tèmi, lẹ́tà kan ṣoṣo lè dá gbogbo ètò dúró. Orúkọ oògùn tí dókítà ṣì kọ lè pààyàn. Ẹ kọ́ ọ, kí ẹ kọ́ ọmọ yín. Ohun tí mo kọ̀ ni ká máa fi àkọtọ́ wọn ọpọlọ èèyàn. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ èdè kejì fún ọ̀pọ̀ wa, "seperate" lè sọ irú ilé-ìwé tí apá òbí ẹnìkan ká. Kò lè sọ ohun tí ọmọ náà lè ṣe.

Mo padà lọ wá lẹ́tà yẹn. Mo kà á dé ìsàlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọkùnrin náà ti kọ ètò kan fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ìyá rẹ̀ wà, kí wọ́n lè máa rí owó tí wọ́n dá lórí fóònù. Mo wo kóòdù rẹ̀. Ó mọ́. Mo pè é, ó ti ríṣẹ́ síbòmíràn. Ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, sà, mo mọrírì pé ẹ pè." Kò mọ ìdí tí ìpè náà fi pẹ́, n ò sì láyà láti sọ fún un. Láti ọjọ́ yẹn, mo ń ka gbogbo lẹ́tà dé ìsàlẹ̀.