Apò Omi Inú Ikùn Ọmọdé: Láti Ara Òkú dé Inú Oyún

Àwọn oníṣègùn tó ń kọ̀wé lórí apò omi tí í hù nínú ikùn ọmọdé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ láti ọdún 1507. Wọ́n ní ọdún náà ni Antonio Benivieni, oníṣègùn ìlú Florence ní Ítálì, rí i nígbà tó ń yẹ òkú ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan wò. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Benivieni ti kú ní 1502. Girolamo, àbúrò rẹ̀, ni ó mú àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní ìwé ní 1507. Ara òkú ni ìmọ̀ náà ti wá, ẹni tó rí i pàápàá sì ti di òkú kí ayé tó kà á.

Àárín ìpele awọ tó so ìfun mọ́ ẹ̀yìn ikùn ni irú apò yìí máa ń wà. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀ láìfa ìrora. Bó bá tóbi, ikùn ọmọ á wú bí ẹni pé omi lásán ló kún un. Bó bá lọ́ ìfun pọ̀, inú rírun àti èébì á dé, wọn a sì máa rò pé appendix ni.

Ní 1880, Paul Tillaux gé irú apò bẹ́ẹ̀ kúrò lára ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Faransé, ọkùnrin náà sì yè. Síbẹ̀, àríyànjiyàn kò tán. Fífa omi rẹ̀ nìkan dà bí ohun tó rọrùn, ṣùgbọ́n awọ apò gan-an ni ó ń sun omi: bí awọ bá kù, omi á padà. Ẹni tó bá sì fẹ́ gé gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí inú awọ kan náà ni iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ìfun ń gbà. Nígbà mìíràn, àfi kí ó gé díẹ̀ nínú ìfun ọmọ náà, kí ó sì rán ìyókù pọ̀. Ìpinnu tó wúwo nìyí lára ẹni tó ṣì ń dàgbà. Síbẹ̀, gígé gbogbo rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ abẹ òde òní fara mọ́ jù.

Títí di ìdajì ọ̀rúndún ogún, ó ṣòro láti mọ̀ ọ́n dájú kí abẹ tó la ikùn. Ní 1958, Ian Donald, John MacVicar àti Tom Brown ní Glasgow tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí fífi ìró yẹ ikùn wò. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti sọ pé jẹjẹrẹ inú rẹ̀ kò ṣeé ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ẹ̀rọ náà fi hàn pé apò omi ni, wọ́n sì yọ ọ́. Nítorí pé kò ní ìtànṣán bíi ti X-ray, ó bá ọmọdé mu púpọ̀. Lónìí, a ń rí àwọn apò mìíràn nínú oyún, kí ọmọ tó dáyé.