Òfin Ilẹ̀, Òwò àti Owó Orí ní Nàìjíríà Láti Ọdún 2011

Láti ọdún 2011 wá, òfin tó de ilé, òwò àti owó orí ní Nàìjíríà ti yí padà ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe fura lọ. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin ilé yíyá lọ́dún náà. Òun àti Ìpínlẹ̀ Ògùn tó múlé tì í ṣòfin lòdì sí àwọn ajagungbalẹ̀ ní 2016. Òfin ilé-iṣẹ́ tuntun dé ní 2020, ti ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni dé ní 2023, ti owó orí sì tẹ̀ lé e ní 2025. Òfin ilẹ̀ gan-an ni wọn kò fọwọ́ kàn. Gbogbo òfin tuntun wọ̀nyí ló ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ènìyàn, òfin ilẹ̀ àtijọ́ ni kò sì jẹ́ kí ìwé náà rọrùn láti gbà.

Òfin Ìlò Ilẹ̀

Ìjọba ológun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978. Abala kìíní rẹ̀ fi gbogbo ilẹ̀ inú ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, pé kó máa bá ará ìlú tọ́jú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ ni ènìyàn ń rà lójú òfin. Ìwé tí tẹrú-tọmọ ń pè ní C of O, ẹ̀rí ẹ̀tọ́ yẹn ni. Àwọn ológun rọ òfin náà mọ́ ìwé òfin orílẹ̀-èdè kí wọ́n tó gbéjọba sílẹ̀ ní 1979, abala 315 ìwé òfin ọdún 1999 sì tún rọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ rí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì l'Abuja, kó sì tún rí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 tó bá a fọwọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí òfin òwò fi ń yí padà bí ìjọba ṣe ń yí padà, tí ti ilẹ̀ sì dúró síbi tó wà.

Abala 22 ló ń dá mẹ̀kúnnù lágara jù. Ó ní ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á, kó fi í dógò, tàbí kó fi í háyà láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. Ní 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fi ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ṣe àpẹẹrẹ ohun tó lè tìdí rẹ̀ yọ. Báńkì yá ènìyàn lówó, onítọ̀hún fi ilé dógò, owó kò padà, báńkì sì fẹ́ ta ilé náà ní gbàǹjo. Onílé wí níwájú adájọ́ pé gómìnà kò fọwọ́ sí ìdógò náà rárá. Òun ló jàre. Ní 1995, ilé ẹjọ́ yìí kan náà dẹ okùn náà díẹ̀, ó ní àdéhùn lè wáyé kí ìfọwọ́sí tó dé, ṣùgbọ́n àdéhùn náà kò tíì pé títí tí ìfọwọ́sí yóò fi dé. Nítorí náà, ẹni tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí ní Ìkòròdú, tó gba rìsíìtì àti ìwé àdéhùn, tó kọ́lé sí i, tó ti ń gbénú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ, ṣì ku ibì kan kó dé lójú òfin. Irú wọn pọ̀ lọ súà. Mo gbà pé òfin tó sọ ọ̀pọ̀ onílé di ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé kò ṣe wọ́n dáadáa, nítorí kì í ṣe pé wọ́n jalè, owó àti ẹsẹ̀ tí wọ́n máa fi rin ìrìn ìwé ni kò tó.

Ọ̀rọ̀ gbà-má-bínú tún wà níbẹ̀. Abala 28 fún gómìnà lágbára láti gba ilẹ̀ padà nítorí àǹfààní ará ìlú, abala 29 sì sọ ohun tí wọn yóò san. Wọn yóò san owó ilé, ìyẹn iye tí yóò ná ènìyàn láti kọ́ irú rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ti gbígbó rẹ̀. Wọn yóò san owó irè oko. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, iye owó ilẹ̀ tí onítọ̀hún san fún ìjọba lọ́dún náà nìkan ni wọn yóò dá padà. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, abala 47 ti sọ pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó náà tó tàbí kò tó.

Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá rántí pé ọ̀rọ̀ kò rí báyìí nígbà kan rí. Ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ ní Àpápá, wọ́n sì ní olóyè tó ni ín kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ju owó kékeré kan lọ. Ní 1920, Herbert Macaulay bá Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ nígbà náà, dájọ́ pé àwọn ará ìdílé Olúwa ló nilẹ̀, pé kí ìjọba san owó rẹ̀ pé pérépéré bí ẹni tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ohun tí àwọn baba wa gbà lọ́wọ́ ọba òyìnbó ni òfin tiwa fúnra wa gbà padà lẹ́yìn ọdún 57. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ títì etíkun láti Èkó lọ sí Calabar ní 2024, ọ̀rọ̀ gbà-má-bínú yìí ló gbẹnu àwọn tó ní ilé àti òwò létí òkun.

Ajagungbalẹ̀ àti ọmọ onílẹ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016 ni Gómìnà Akínwùnmí Ambode fọwọ́ sí Òfin Ààbò Dúkìá ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tó bá fi ipá gba dúkìá lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni. Ẹni tó bá ń dá iṣẹ́ ilé dúró tó ń béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé lè san owó ìtanràn tó tó ₦1 mílíọ̀nù, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2, tàbí méjèèjì. Òfin náà kò yọ agbẹjọ́rò sílẹ̀ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ bá wọn ṣe ìwé èrú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀: ẹbí onílẹ̀ tó bá ní ìwé àṣẹ tòótọ́ tàbí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ṣì lè gba owó ìpìlẹ̀ àti owó òrùlé tí àṣà mọ̀. Inú ilẹ̀kùn yìí ni àwọn jàǹdùkú ń gbà wọlé, tí kálukú ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ ẹbí. Ẹni tí wọ́n bá dé bá lórí ilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n mú ìwé àṣẹ tàbí ìdájọ́ wá kó tó tọwọ́ bọ àpò. Ìpínlẹ̀ Ògùn le ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún kan náà, lábẹ́ Gómìnà Ibikunle Amosun: ẹ̀wọ̀n ọdún 25 ni wọ́n là kalẹ̀ fún ajagungbalẹ̀, ikú sì ni bí ẹ̀mí bá bọ́ nínú rẹ̀.

Ìlànà tí ilé ẹjọ́ fi ń wo ilẹ̀ ẹbí kò tíì yí padà ní tirẹ̀. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá ilẹ̀ tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò wáyé rí. Bí olórí ẹbí bá tà á láìfi tó àwọn àgbà ìdílé yòókù létí, títà náà dúró títí wọn yóò fi lọ wọ́gi lé e nílé ẹjọ́.

Onílé àti ayálégbé

Òfin Ilé Yíyá ti Èkó, tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ní onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, kò sì gbọdọ̀ gba ju oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ ẹni tó ti ń gbénú ilé tó ń san owó lóṣooṣù. Ẹni tó bá rú u lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ó ní dandan ni rìsíìtì. Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀ fún un kó tó kó jáde, àyàfi tí àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Gbogbo ẹni tó wálé lÉkòó lẹ́yìn 2011 ló mọ̀ pé wọ́n ṣì ń béèrè owó ọdún méjì, tí ti ejẹ́ńtì àti ti lọ́yà tún gùn ún lórí. Ìyà ₦100,000 kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ní 2025, àbá òfin mìíràn dé iwájú Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì fẹ́ fi gbèdéke sí iye tí ejẹ́ńtì lè gbà.

Òwò àti owó orí

Òfin ilé-iṣẹ́ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ló gba ipò ti 1990. Ẹnì kan ṣoṣo lè dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ nísinsìnyí, kò ní láti wá ẹlòmíràn fi dí àyè. Ilé-iṣẹ́ kékeré kò ní láti gba akọ̀wé. Ẹni tó bá ní ìpín tó tó 5% nínú ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àjọ CAC, tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, mọ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn orúkọ ẹlòmíràn. Abala 839, tó fún àjọ náà lágbára láti dá àwọn alámòójútó ẹgbẹ́ àti ìjọ dúró, ni àwọn ìjọ Ọlọ́run bínú sí.

Òfin owó orí ni ọ̀rọ̀ tó dé sílé gbogbo ènìyàn. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin mẹ́rin ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, àwọn tó sọ iye owó orí àti bí a ó ṣe máa gbà á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ẹni tí owó rẹ̀ lọ́dún kò ju ₦800,000 lọ kò ní san owó orí rárá lórí rẹ̀. Èyí tó bá lé lórí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ láti 15%, ó sì ń gòkè títí dé 25% fún èyí tó ju ₦50 mílíọ̀nù lọ. Ilé-iṣẹ́ kékeré tí òwò rẹ̀ lọ́dún kò ju ₦100 mílíọ̀nù lọ, tí dúkìá rẹ̀ kò sì ju ₦250 mílíọ̀nù lọ, bọ́ lọ́wọ́ owó orí ilé-iṣẹ́, àyàfi àwọn oníṣẹ́ ọ̀mọ̀wé bí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò. VAT, ìyẹn owó orí ọjà, dúró sí 7.5%, a kì í sì gbà á lórí oúnjẹ ojoojúmọ́ àti owó ilé-ìwé.

Ohun tó kan ayálégbé níbẹ̀ ni pé ó lè yọ 20% owó ilé tó san kúrò nínú owó tí wọn yóò gba owó orí lé lórí, kó má ju ₦500,000 lọ. Ìkéde iye tó san ló fi máa rí i gbà, ìkéde yẹn kan náà sì lè fi owó tí onílé rẹ̀ ń gbà han ìjọba. Mo rí i pé èyí yóò lágbára ju òfin 2011 lọ láti mú onílé kọ rìsíìtì, tàbí láti mú un kọ ayálégbé tó bá béèrè rẹ̀. Ẹni tó bá sì ta ilé tó ń gbénú rẹ̀ kò ní san owó orí lórí èrè rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀ ni.

Ogún àti àkọsílẹ̀ ara ẹni

Ní 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ wọ́gi lé àṣà Ìgbò tí kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin jogún bàbá rẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọbìnrin ti ń jogún tipẹ́. Ìdí-igi, ìyẹn pínpín ogún ní iye ìyàwó, àti orí-ò-jorí, ìyẹn pínpín ní iye ọmọ, ni ìjà wà lórí rẹ̀, ẹjọ́ Danmole àti Dawodu ní 1958 sì fi ìdí-igi múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà tí a ń tẹ̀ lé, àyàfi tí ìjà bá wà, tí olórí ẹbí sì yan orí-ò-jorí. Opó ni àṣà kò tíì ṣe dáadáa sí. Ìyàwó tí wọ́n fẹ́ nílànà ìbílẹ̀ nìkan kò ní ìpín tirẹ̀ nínú dúkìá ọkọ tó kú láìṣe ìwé ìhágún.

Òfin Ààbò Àkọsílẹ̀ Ara Ẹni, tí Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, ní ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ lo orúkọ, nọ́ńbà tàbí àwòrán ènìyàn láìní ìdí tí òfin gbà. Bí àkọsílẹ̀ bá jò sí ọwọ́ ẹlòmíràn lọ́nà tó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó àjọ NDPC, tó ń bójú tó òfin náà, létí láàárín wákàtí 72. Ìyà tó wà fún ilé-iṣẹ́ ńlá lè tó ₦10 mílíọ̀nù tàbí 2% owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù. Ẹni tí àwọn ayánilówó orí fóònù pe ìyá, ọ̀gá àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti fi gbèsè dójú tì í lè gbé ẹ̀sùn náà lọ sọ́dọ̀ àjọ yìí, ó sì tún lè lọ sílé ẹjọ́ láti gba owó gbà-má-bínú.