Nígbà Tí Gílóòbù Ò Lówó Lórí

Láyé àtùpà amọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó tan iná ń fojú rí ohun tí iná ń jẹ. Epo pupa wà nínú rẹ̀, òwú wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú ni epo ń fà. Kẹrosíìnì dé, ọ̀rọ̀ ò yí padà. Ẹ mi lántà wò, ẹ ó mọ̀ bóyá epo inú ẹ̀ á dé òwúrọ̀. Wọn ò ní láti sọ fún ẹnikẹ́ni kó pa á kó tó sùn.

Iná mànàmáná ti dé Èkó kí ọdún 1900 tó pé, àmọ́ àwọn òyìnbó ìjọba ló kọ́kọ́ jẹ adùn rẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ ECN bẹ̀rẹ̀ ní 1950, NEPA gbapò rẹ̀ ní 1972. Wọ́n ti pa orúkọ NEPA tì láti 2005, síbẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà ṣì ń pariwo "Up NEPA!"

Ibi tí mo ń lọ gan-an ni ilé tí kò ní mítà. Ibẹ̀, wọ́n á kàn fojú bu iye kan lóṣooṣù, wọ́n á mú bíìlì wá. Ẹ tan gílóòbù kan o, ẹ tan mẹ́wàá o, bíìlì ò mọ̀. Ta ló fẹ́ máa pa á? Gílóòbù ọ̀ọ̀dẹ̀ tiẹ̀ tún níṣẹ́ mìíràn: wọn kì í pa á, kí wọ́n lè mọ̀ bí iná bá dé. Àwọn tó ń pe èyí ní ìwà ọ̀lẹ ò ro ó dáadáa, lójú tèmi.

Mítà oníkáàdì ló jẹ́ ká tún máa rí epo tó ń fà. Ṣé ẹ rántí oṣù kẹrin ọdún 2024? Wọ́n gbé owó yúníìtì kan láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 fún àwọn Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ oníná pupa, 60W, tó ń tàn fún wákàtí 12 lálaalẹ́, á jẹ yúníìtì 21.6 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. ₦4,860 nìyẹn. Márùn-ún, ₦24,300! Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin nígbà náà, ₦30,000 ni. LED 9W tó mọ́lẹ̀ bíi tiẹ̀ ò ní ju ₦729 lọ.

Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn ń wo mítà báyìí kí wọ́n tó sùn. Àwọn tí kò tíì rí mítà gbà ńkọ́? Gílóòbù ọ̀ọ̀dẹ̀ tiwọn ṣì ń tàn lọ́sàn-án gangan.