Ẹ̀wà Bonfim: Àjọ̀dún Ìgbà Ọyẹ́ Láàrin Àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá mú ní agbègbè Ikoga àti Àgbádárìgì títí dé Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Ògù ń pè ní Hògbónù, ni àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ máa ń ṣe àjọ̀dún Bonfim. Àgùdà ni àrọ́mọdọ́mọ àwọn ẹrú tí wọ́n gba òmìnira ní Brazil tí wọ́n sì padà sí etíkun yìí láàrin ọdún 1800 sí 1900, àti ti àwọn oníṣòwò Brazil tí wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀.

Ilẹ̀ Potogí ni àjọ̀dún náà ti ṣẹ̀. Ní 1745 ni wọ́n gbé ère Jésù lórí àgbélébùú, èyí tí wọ́n fi ti ìlú Setúbal ṣe àwòkọ́ṣe, dé Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil. Ní 1754 ni wọ́n gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ lórí òkè Bonfim. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Nàgó, rí Òrìṣà-ńlá nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn obìnrin fi ń wọ aṣọ funfun fọ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì náà títí di òní. Àsìkò àwọn ọdún Bonfim yìí náà ni àwọn Mùsùlùmí, tí Nàgó pọ̀ jù nínú wọn, dìde sí àwọn olówó wọn ní 1835, ìyà tí wọ́n fi jẹ wọ́n lẹ́yìn náà sì wà lára ohun tí ó mú kí ọ̀pọ̀ wọkọ̀ bọ̀ wálé.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kó bọ̀, oúnjẹ ni ó ta gbòǹgbò jù. Lẹ́yìn ìjáde burinyan, egúngún tí ó gba orúkọ láti inú burrinha, ìyẹn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kékeré, àti lẹ́yìn ìsìn Máàsì ọjọ́ Àìkú, wọn a jókòó ti feijoada, ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, nítorí feijão ni Potogí ń pe ẹ̀wà. Inú ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni fréjọ̀n àwọn Àgùdà Èkó ti wá, ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n fi omi àgbọn sè fún Ọjọ́ Ẹtì Rere, tí wọ́n sì ń fi ẹja ata jẹ. Piron, gàrí tí wọ́n rò nínú omi ọbẹ̀, jẹ́ pirão lẹ́nu Potogí. Ọ̀pọ̀ tí ń kọ orin burinyan kò gbọ́ èdè Potogí mọ́, ṣùgbọ́n ìkòkò kò gbàgbé.

Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pààlà sáàrin Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn Àgùdà wà ní ìhà méjèèjì ààlà náà. Kí àwọn òǹkọ̀tàn ìhà méjèèjì tọ àwọn ìyá àgbà Àgùdà lọ, kí wọ́n kọ bí wọ́n ti ń se oúnjẹ wọ̀nyí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.