Àdéhùn Tí Kò Ní Onígbọ̀wọ́: Ìtàn Sinimá Ìjà Kinshasa

Àwọn àgbà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú mọ òwò, wọ́n sì mọ ohun tí í ba òwò jẹ́. Kí òyìnbó tó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú ti wà láàárín etí òkun àti àwọn ìlú òkè, tí ọjà ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Títí di ọdún 1892, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wọn ní Ìmàgbọ̀n, ọ̀nà náà kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Irú òwò bẹ́ẹ̀ kò lè dúró lórí ọ̀rọ̀ dídùn nìkan. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọjà àwìn, tàbí tí ó fẹ́ yá owó ńlá, ní láti mú onígbọ̀wọ́ wá, èyíinì ni ẹni tí a lè dì mú bí àdéhùn bá yẹ̀. Kò sí ibi tí ìwúlò onígbọ̀wọ́ ti hàn kedere tó inú ìtàn sinimá kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1974, tí kò sì dé ojú ìran títí di ọdún 1996.

Ìjà ẹ̀ṣẹ́ ni sinimá náà dá lé lórí. Muhammad Ali, ẹni tí wọ́n ti gba adé lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1967 nítorí pé ó kọ̀ láti wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun Vietnam, ń wá ọ̀nà láti gba adé náà padà. George Foreman ni ó wà lórí oyè nígbà náà. Ogójì ìjà ni ó ti jà, kò sì sí ẹni tí ó borí rẹ̀ rí. Don King, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìgbéjàkalẹ̀, ṣe ìlérí mílíọ̀nù 5 dọ́là fún Ali àti mílíọ̀nù 5 fún Foreman. Kò ní owó náà lọ́wọ́. Ẹni tí ó ní in ni Mobutu Sese Seko, olórí orílẹ̀-èdè Zaire, tí ó fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ orúkọ ilẹ̀ rẹ̀. Bí ìjà ṣe lọ sí Kinshasa nìyẹn.

Àwọn abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò méjèèjì kò fi ọkàn tán ẹnu ẹnikẹ́ni. Ìjọba Zaire fi owó wọn lélẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìdánilójú ní báńkì kí ọjọ́ ìjà tó pé. Báńkì ni onígbọ̀wọ́ wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjà yìí ni a ti ṣètò àjọ̀dún orin ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Hugh Masekela, afọnfèrè ọmọ Gúúsù Áfíríkà, àti Stewart Levine ni wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n kó James Brown, B. B. King, Bill Withers, Celia Cruz àti Miriam Makeba jọ pẹ̀lú àwọn ọ̀gá olórin Kinshasa fúnra rẹ̀, Franco àti Tabu Ley. Leon Gast, olùdarí sinimá láti New York, ẹni tí ó ti ṣe sinimá lórí àwọn olórin Látìn ìlú rẹ̀ ní ọdún 1972, ni wọ́n pè kí ó wá ya àjọ̀dún náà.

Àwọn olówó kan ní Liberia ni wọ́n dúró lẹ́yìn àjọ̀dún àti sinimá rẹ̀. Ẹni tí ó lórúkọ jù nínú wọn ni Stephen Tolbert, mínísítà ètò ìṣúná Liberia, àbúrò William Tolbert tí ó jẹ́ Ààrẹ ilẹ̀ náà. Ìrètí gbogbo wọn ni pé àwọn àlejò láti òkè òkun yóò wọ́ tìtì wá sí Kinshasa, wọn yóò san owó ìwọlé, sinimá yóò sì ti inú èrè náà jáde.

Ṣùgbọ́n ènìyàn kò mọ ẹ̀yìn ọ̀la. Ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n dá fún ìjà. Nígbà tí ó ku nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ, ẹni tí Foreman ń bá ṣe ìdánrawò ṣèèṣì ṣe é léṣe lókè ojú ọ̀tún. Wọ́n sún ìjà sí ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá. Àjọ̀dún orin kò ṣeé sún, nítorí àwọn olórin ti wà lójú ọ̀nà, wọ́n sì ní ibòmíràn láti lọ. Wọ́n ṣe é láti ọjọ́ 22 sí ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án. Nǹkan bí 80,000 ènìyàn ni wọ́n wá, àwọn ará Kinshasa ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn àlejò olówó tí a ń retí kò dé. Ijó dùn, ìlù dùn, ṣùgbọ́n àpò gbẹ.

Gast kò padà sílé. Ó dúró de ìjà, ó sì ń ya Ali bí ó ti ń sáré ní òwúrọ̀, bí ó ti ń bá àwọn ọmọdé ṣeré, àti bí àwọn èrò ti ń ké pé kí ó pa Foreman. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá, Ali fi ẹ̀yìn ti okùn, ó jẹ́ kí Foreman lù ú títí tí apá fi rọ̀ ọ́, ó sì gbé e ṣubú ní ipele kẹjọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, fíìmù tí Gast ti yà gùn tó nǹkan bí 300,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ohun tí ó kù ni owó láti fọ̀ ọ́, láti gé e, àti láti tò ó.

Owó náà kò wá. Ní oṣù kẹrin ọdún 1975, Stephen Tolbert kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Liberia, ìlérí owó náà sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbà náà ni ìbéèrè tí kò sí ẹni tí ó dáhùn dáadáa nígbà tí ayọ̀ wà lójú jáde: ta ni ó ni fíìmù? Ṣé ẹni tí ó fi owó sílẹ̀ ni, tàbí ẹni tí ó yà á? Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́. Fíìmù bọ́ sọ́wọ́ Gast níkẹyìn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba ẹrù láìní owó ọkọ̀ kò tíì dé ilé. Ó ń ṣe iṣẹ́ mìíràn kí ó lè jẹun, ó sì ń ti ọ̀dọ̀ olówó kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni David Sonenberg, agbẹjọ́rò tí ó tún ń ṣe alábòójútó àwọn olórin, fi owó sí i. Taylor Hackford bá wọn fi ọ̀rọ̀ àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n wà ní Kinshasa lọ́jọ́ náà kún un, àwọn bíi Norman Mailer àti George Plimpton. Bẹ́ẹ̀ ni sinimá tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí sinimá orin di sinimá ìjà. When We Were Kings ni wọ́n pè é. Ó jáde ní ọdún 1996, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar ní oṣù kẹta ọdún 1997. Ali, tí àìsàn ti mú kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, gun orí ìtàgé lọ. Foreman, ọ̀tá àná, ni ó dì í mú gòkè. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹ̀bùn náà bo ohun tí ó sọnù mọ́lẹ̀. Orin tí wọ́n torí rẹ̀ pe Gast kò rí àyè tó nínú sinimá náà. Ọdún 2008 ni Jeffrey Levy-Hinte tó yọ Soul Power, sinimá àjọ̀dún náà gan-an, láti inú fíìmù tí ó kù. Franco ti kú ní ọdún 1989, Celia Cruz ní 2003, James Brown ní 2006. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí kò rí sinimá àjọ̀dún náà. Ẹni tí ó bá sọ pé ìjà lórí owó kò pa ẹnikẹ́ni lára kò tíì ka irú gbèsè yìí: iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn tí ó wà nínú òkùnkùn títí ẹ̀mí ẹni tí ó ṣe é fi bọ́.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò rọrùn láti tọ́ka sí ẹnì kan pé òun ni ọ̀dàlẹ̀. Ọgbẹ́ Foreman kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, ikú Tolbert kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àléébù wà nínú àdéhùn fúnra rẹ̀. Òwò kan náà ni, ìlú kan náà, ọdún kan náà. Àwọn tí ó ní onígbọ̀wọ́ gba owó wọn, ẹni tí ó gbára lé ìlérí gba ìdààmú ọdún méjìlélógún. Òwe Yorùbá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà.

Àpẹẹrẹ tí ó yàtọ̀ sí èyí wà ní ìtòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Hubert Ògúǹdé, ọmọ Òsosà, ti ń ṣe eré ìtàgé láti ọdún 1944 kí ó tó yà sinimá. Nígbà tí ó ṣe Ayé ní ọdún 1979 pẹ̀lú Ọlá Balógun, àti Jáíyésinmi ní ọdún 1980, inú ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ni owó ti wá. Àwọn aya, àwọn ọmọ àti àwọn òṣèré tí ó ti tọ́ fún ọdún pípẹ́ ni ó pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣeré. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú eré alárìnjó a máa gbé fíìmù wọn láti ìlú dé ìlú, wọn a sì dúró ti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn kí owó ìwọlé má bàa gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ. Ẹni tí ó yà á ni ó ni ín, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè.

Ọ̀nà Ògúǹdé ní ìnira tirẹ̀. Sinimá tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbé kò lè rìn jìnnà ju ibi tí agbára ẹni náà mọ lọ. Ẹ̀dà àwọn sinimá rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ó kú ní ọdún 1990. Gast rí owó àjèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀. Ògúǹdé di iṣẹ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó ru ẹrù náà. Láàárín méjèèjì ni ọ̀nà àwọn àgbà oníṣòwò wà: kí a ṣe àjọṣe, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ fi ojú ààlà hàn, kí onígbọ̀wọ́ sì ti jókòó kí ìlù tó dún.