PKK

PKK, Ẹgbẹ́ Òṣèlú Àwọn Òṣìṣẹ́ Kurdistan, ni ẹgbẹ́ ológun tí Abdullah Öcalan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Tọ́kì lọ́dún 1978. Ní oṣù Kẹjọ 1984, wọ́n kọlu ìlú Eruh àti Şemdinli ní Tọ́kì. Ogun tó tẹ̀ lé e gba ẹ̀mí tó lé ní 40,000.

Tọ́kì, Amẹ́ríkà àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kà wọ́n sí agbésùnmọ̀mí, torí àdó olóró wọn tó pa aráàlú. Àwọn alátìlẹ́yìn wọn ní ajìjàgbara ni wọ́n: ìjọba Tọ́kì ti fòfin de èdè àwọn Kurd, ẹ̀yà tí PKK ń jà fún, rí, ó sì sun abúlé àwọn Kurd níná. Lọ́dún 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Bẹ́ljíọ̀mù dájọ́ pé ogun abẹ́lé ni ọ̀rọ̀ náà, òfin ìgbésùnmọ̀mí kò kàn án.

Ní oṣù Karùn-ún 2025, PKK kéde pé àwọn tú ká. Ní oṣù Keje, 30 jagunjagun wọn ju ìbọn síná nítòsí Sulaymaniyah ní Ìráàkì.