Ìpín Ìjọba àti Agbára Ara Ẹni: Ọ̀ràn Òkè-Ògùn

Ìbéèrè tí a gbé síwájú wa lónìí kì í ṣe tuntun: àwọn ènìyàn tí ìdàgbàsókè fi sẹ́yìn, ṣé kí ìjọba ya ìpín sọ́tọ̀ fún wọn ni, tàbí kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tún ìwà ara wọn ṣe? Ìtàn Òkè-Ògùn, láti Ìṣẹ́yìn títí dé Ṣakí àti Kíṣí, ni n ó fi dáhùn.

Ní Nàìjíríà, òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1979 là á sílẹ̀ pé kí ipò nínú ìjọba àpapọ̀ má ṣe wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ díẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀. Òfin ọdún 1999 tún un sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún àyè, 45 jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù lọ. 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí yunifásítì náà ká. 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí a kà sí ẹni ẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́. Èrò tí ó wà nídìí ètò náà kò burú. Ọmọ tí kò ní olùkọ́ ìṣirò kan kò lè bá ọmọ tí ó ní mẹ́ta dọ́gba nínú ìdánwò kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo òṣùwọ̀n tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Ìpínlẹ̀ ni à ń wọ̀n; a kì í wọn ìlú, a kì í wọn ilé ẹ̀kọ́. Ìpínlẹ̀ Kwara wà lára àwọn tí a kà sí ẹni ẹ̀yìn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ọmọ àgbẹ̀ láti Kíṣí, tí ààlà Kwara kò jìnnà sí ilé bàbá rẹ̀, yóò bá ọmọ ìgboro Ìbàdàn du àyè kan náà. Ọmọ Kwara tí ó dàgbà láàárín ìgboro Ìlọrin, ìlú tí ó ní yunifásítì tirẹ̀, yóò sì gba ọ̀nà ìpín wọlé. Wọ́n ka Òkè-Ògùn mọ́ olówó, ṣùgbọ́n owó náà kò dé ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ wá wo inú ìpínlẹ̀ náà gan-an. A dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1976, a sì yọ Ọ̀ṣun kúrò lára rẹ̀ ní 1991. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33 tí ó ṣẹ́ kù, 10 jẹ́ ti Òkè-Ògùn. Síbẹ̀, láti ìdìbò 1979 títí dé ti 2023, a kò dìbò yan ọmọ Òkè-Ògùn kan ṣe gómìnà. Ẹ̀dùn ọkàn pé ibòmíràn ni àṣẹ ti ń wá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1916, Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò dìde sí ètò kóòtù àti àṣẹ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kà wọ́n lórí láti Ọ̀yọ́.

Àwọn alátakò ìpín ní ọ̀rọ̀ tiwọn, ọ̀rọ̀ wọn sì wúwo. Wọ́n ní ìjọba kankan kò ya ìpín sọ́tọ̀ kí ará Ìṣẹ́yìn tó mọ aṣọ híhun. Nínú agbo ilé, lẹ́nu òfì, ni ọmọ ti kọ́ iṣẹ́ ẹtù, àlàárì àti sányán, tí orúkọ ìlú náà fi kan gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní 1955, àwọn ọmọ tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pọ̀ ju àyè tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíráámà lọ. Ọ̀pọ̀ ìlú dá owó jọ. Orúkọ Okeho-Iganna Grammar School fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé ìlú méjì lè fi ọmọ wọn sí abẹ́ òrùlé kan.

Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n agbára ara ẹni ní ibi tí ó mọ. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdídò Odò Ògùn ní Ìkéré, nítòsí Ìṣẹ́yìn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Omi kún adágún náà. Ẹ̀wádún lórí ẹ̀wádún kọjá, iná mànàmáná tí a ṣèlérí kò tàn. Èwo ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí yóò dá owó ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀?

Àwọn ará wa aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ti jà sí ọ̀ràn yìí rí. Booker T. Washington, ní Atlanta ní 1895, gba wọn níyànjú pé kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n fi ìjà ẹ̀tọ́ sẹ́yìn. W. E. B. Du Bois ta kò ó nínú ìwé rẹ̀ ní 1903. A máa ń fi ilé ẹ̀kọ́ Washington ní Tuskegee ṣe àpẹẹrẹ agbára ara ẹni, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó yọ bíríkì tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí ilé ẹ̀kọ́ náà tó ṣílẹ̀kùn ní 1881, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Alabama ti fọwọ́ sí $2,000 lọ́dún fún owó oṣù olùkọ́. Ìbò àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó fa owó náà wá. Ọwọ́ kan ń yọ bíríkì, ọwọ́ kejì ń gba ẹ̀tọ́.

Ohun tí mo ń sọ nìyí: àríyànjiyàn ìpín tàbí agbára ara ẹni ti ṣì wá lọ́nà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìlú lè kọ́ kíláàsì. Ìjọba ni ó lè fi olùkọ́ sí i kí ó sì máa san owó oṣù rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà ní Ṣakí, àti ẹ̀ka LAUTECH ní Ìṣẹ́yìn, fi hàn pé nígbà tí ìjọba bá na ọwọ́, ọmọ Òkè-Ògùn kì í kọ̀ láti kàwé. Bí a óò bá sì máa pín àyè, ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé ẹ̀kọ́ ni kí a fi wọ̀n ọ́n, kí ìpín náà sì dópin níbi tí àìní bá dópin.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè tí mo fi sílẹ̀ fún ìjíròrò wa ni èyí: ta ni yóò ka iye olùkọ́ àti iye ọmọ tí ó wọ yunifásítì láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì gbé e síwájú aṣòfin? Bí àwa kò bá kà á, orúkọ ìpínlẹ̀ ni wọn yóò máa fi kà wá.